Ìwé Tí Ìdí Igi Mẹ́rin Pín

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn awọ ewúrẹ́ tí èéfín ti rin, tí eku sì ti tọ̀ sí, ara mi á le gan-an bí ti ọmọ kéwú tó gbàgbé ibi tí Alfa bá a dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òórùn ògo ilé wa nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá mi gbé àkàbà ti àjà yàrá ìyá àgbà, ó gùn ún, ó sì sọ àpò awọ kan kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìdí àpò yẹn nìkan ni mo máa ń rí tí mo bá gbójú sókè. Eruku bo gbogbo wa. Ìyá àgbà ń pe orúkọ Ọlọ́run, màmá mi ń sín, bàbá mi sì jókòó sórí ẹní, ó gbá àpò náà mọ́ àyà bí ẹni gbé àkọ́bí rẹ̀.

Ilé Oníwèé ni wọ́n ń pe ilé wa ní Ṣakí. Orúkọ náà dùn, ó kàn jẹ́ pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀wé kà dáadáa nínú ilé ọ̀hún. Bàbá mi mọ súrà púpọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn létí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé tákàdá síwájú rẹ̀, orí ló máa fi kà á, kì í ṣe ojú. Síbẹ̀, ìwé tó wà lájà yẹn ló fún wa níyì. Wọ́n ní Sàlámì, bàbá bàbá bàbá mi, ló gbé e wọ ìlú lórí ẹṣin. Àwọn mìíràn ní ràkúnmí ni. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jalè, abẹ́ àjà wa ni wọ́n ń mú un wá kó wá búra. Mo rí ọkùnrin gìrìpá kan níbẹ̀ lójú ara mi tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kan, tó jẹ́wọ́ méjì.

Ohun tó gbé bàbá mi gun àkàbà ni pé Lémọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa kú. Ilé méjì ló ń du ipò rẹ̀, ilé tiwa àti Ilé Ẹlẹ́ṣin tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹni tí Ilé Ẹlẹ́ṣin fà kalẹ̀ ni Bàbá Rábí, arúgbó kan tó rọ̀ bí òwú. Ó mọ kéwú ju bàbá mi lọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá mi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ilé tí kéwú ti kọ́kọ́ wọ àdúgbò ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Kí ilé tó bá ní ẹ̀rí mú ẹ̀rí wá. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ti ra láwàní, ó sì ti fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí màmá mi. Màmá mi tú u jáde lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní, "Bàbá Mùí, láwàní ti dé o, ó ku orí."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe rò pé olójúkòkòrò ni bàbá mi. Wọ́n ti fi oyè yẹn fo bàbá tirẹ̀ dá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń gbé ẹ̀dùn náà kiri láti kékeré, a sì máa sọ ọ́ níwájú wa láìtijú pé tí òun bá kú láìdé ipò yẹn, kí a má sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun, nítorí ojú á ti òun. Èmi ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ kó jẹ ẹ́ ju bí òun gan-an ṣe fẹ́ ẹ lọ.

A tú àpò. Àkísà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tákàdá tó wà láàárín àkísà náà kò ju èyí tí èèyàn lè fi ìka méjì gbé lọ. Bàbá mi ní kí n kà á. Mo ka ewé kìn-ín-ní, tí wọ́n fi tàdáwà pupa àti yẹ́lò ya òdòdó sí létí, ọ̀rọ̀ sì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìparí. Mo ṣí ewé kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló ń sọ. Bàbá mi ní kéwú mi ni kò tíì jinlẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ikọ́, ó ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n pín in ni?"

Ó ní kí òun tó wọlé ọkọ ni Sàlámì ti kú, ìyàwó mẹ́rin ló sì fi sílẹ̀. Ẹbí pín ilẹ̀ sí ìdí igi mẹ́rin, wọ́n pín ewúrẹ́, wọ́n pín abà iṣu. Nígbà tó kan ìwé, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré ní kò sí ìdí igi tó máa dá jogún rẹ̀. Ìwé náà kò sì ní rírán lẹ́yìn. Tákàdá lásán ni, ọ̀kan lórí èkejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé kéwú láyé àtijọ́. Wọ́n bá jókòó yí i ká, wọ́n ń pín in bí ẹni pín obì: ọ̀kan fún ìdí igi ìyáálé, ọ̀kan fún ti ìyàwó ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọ̀kan fún ti ará Ìlerò, ọ̀kan fún ti ará Òkákà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáálé, títí ìwé fi tán pátápátá lọ́wọ́ ìyàwó kẹrin. Ìyá àgbà ní ẹnikẹ́ni kò bínú lọ́jọ́ náà. Ó ní gbogbo ìlú ló yin ẹbí wa pé a mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan láìrẹ́ ara ẹni jẹ.

Bàbá mi lọ bá Alfa wa. Alfa ní ní ti ìwé àtijọ́, ewé tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ti ni ín sí. Bó ṣe di pé a bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti kó àwọn ewé náà jọ nìyẹn, èmi lẹ́yìn alùpùpù bàbá mi, ìbòrí mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ilé ìwé sì di ohun tí mò ń lọ nígbà tí àyè bá yọ. Tíṣà wa na ẹlòmíràn nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò wá. Kò nà mí. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí abẹ́ àjà wa.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la kọ́kọ́ dé, níbi tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì gbé ìpín tiwọn lọ. Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú tákàdá níbẹ̀, inú ìkòkò èlùbọ́ ló kó o sí. Ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e fún wa, àwa náà kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tí a tú u, ó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ tó funfun báláú, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fòyà. Gbogbo ọmọ tí ibà bá mú nínú ilé yìí ni mo máa ń fọ ọ̀kan fún mu." Ó wá ń fi ọwọ́ nà sí wọn káàkiri àgbàlá, ìyẹn mu mẹ́ta, tọ̀hún mu márùn-ún. Bàbá mi wo àwọn ọmọ yẹn bí ẹni pé ó fẹ́ gbé wọn sórí alùpùpù.

Ní Ìlerò, mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń jẹ́ Lásísì ti rán tirẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó alùpùpù rẹ̀, kó lè máa sọ ọ́ lójú ọ̀nà oko. Ó ní látìgbà tí òun ti rán an mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lòun ti ṣubú. A bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ́ kí a fi abẹ́ ya ìjókòó náà, ó sì gba tírà tuntun méjì lọ́wọ́ bàbá mi kó tó gbà. Kí n má purọ́, òógùn ti mú kí òórùn ti Ìlerò burú ju ti eku lọ.

Òkákà ló ṣòro jù. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí wa níbẹ̀ ni Bàbá Ràmọ́nì, ọkùnrin tó ga, tí kì í fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín. Ó ti fi tákàdá tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í, ó tún un dì. Ó ní òun ò kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀, ṣùgbọ́n ayé ti bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n ń jẹ àbúrò lẹ́yìn. Kí bàbá mi búra. Ó yọ ewé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ní kí bàbá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, kó sọ pé ohun tí kì í ṣe ti òun, òun á dá a padà fún ẹni tó ni ín, bí òun ò bá sì dá a padà, kí ìwé náà bá òun jà. Bàbá mi búra. Ohùn rẹ̀ dùn débi tí Bàbá Ràmọ́nì fi ní "Àmín" lẹ́ẹ̀mẹta.

A ò tíì jìnnà sí Òkákà tí bàbá mi fi yà sábẹ́ igi máńgòrò kan, ó ní kí ẹ́ńjìnnì sinmi. Ẹ́ńjìnnì kọ́, òun ni kò lè ní sùúrù. Ó fa ewé ìsàlẹ̀ yẹn yọ, ó gbé e fún mi. Lẹ́tà kéwú ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pè é jáde lẹ́nu ni mo rí i pé Yorùbá ni, bí Alfa wa ṣe máa ń kọ orúkọ àwa ọmọ kéwú sára ògiri. Inú mi dùn, mo gbé ohùn sókè kí bàbá mi lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n: "Ìwé yìí ti Sànúsí ni ní Ìsẹ́yìn. Sànúsí fi ta ọmọ kéwú rẹ̀ lọ́rẹ, Búrémọ̀ ti Ilé Ẹlẹ́ṣin ní Ṣakí. Èmi Búrémọ̀ gbé e fún Sàlámì oníṣẹ́ awọ kó bá mi rán àpò sí i. Mo ń lọ sí Ìlọrin. Bí mo bá dé, màá wá gbà á."

Bàbá mi wo ọ̀nà, ó wo táyà, ó tún wo ọ̀nà. Mo rò pé kò gbọ́, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó ní, "Ó tó." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. Àpò la ni. A ò ní ìwé. Sàlámì kò jí i, kò sẹ́ni tó jí i. Ó gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ́ sí àjà kí eku má bàa jẹ ẹ́, ó ń retí kí Búrémọ̀ ti Ìlọrin dé. Búrémọ̀ kò dé. Sàlámì náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi òdodo pín ohun olóhun.

Mo dúró kí bàbá mi nà mí, tàbí kó sunkún, tàbí kó ní kí a padà sí Òkákà. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó gba ewé náà wò, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ lo kà á. Èmi ò kà á." Ó tẹ alùpùpù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ Ṣakí, ó ní láìwẹ̀yìn, "Tọ́jú ẹ̀." Mo fi í sí àárín ìwé kíkà òyìnbó mi, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú Ilé Oníwèé kò ní ṣí dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, àwọn àgbà jókòó sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi gbé ìwé kalẹ̀. Wọ́n gbé e wò, wọ́n ní ó wúwo. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó pẹ́ lóòótọ́. Ẹnì kan ka ewé rẹ̀ láti mọ iye tó jẹ́, àtàwọn funfun àtàwọn tó ní ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló kà mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n wá ní kí Ilé Ẹlẹ́ṣin sọ tẹnu wọn. Bàbá Rábí dìde, ó ní nílé tàwọn náà, wọ́n máa ń sọ pé bàbá àgbà àwọn ní ìwé kan, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ó gbé e lọ sí Ìlọrin, níbi tó kú sí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò fojú rí i, mi ò sì lè jẹ́rìí sí ohun tí mi ò rí."

Ó yẹ kó jókòó. Kò jókòó. Ojú ti ń dùn ún nígbà náà, kò ríran kàwé mọ́, ó wá yí sí ẹnu ọ̀nà tí mo kúnlẹ̀ sí, ó ní, "Mùínátù, wọ́n ní ìwọ lo bá wọn tò ó. Ọmọ mi, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Bàbá mi ń wo ẹní. Mo di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Mo ní, "Orúkọ Ọlọ́run ló wà nínú ẹ̀, Bàbá." Gbogbo mọ́ṣáláṣí rẹ́rìn-ín ìdùnnú, wọ́n ní ẹ ò rí ọmọ, ẹ ò rí ọgbọ́n. Bàbá Rábí náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run á dá ọ sí." Òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí bàbá mi láti kí i kú oríire. Mo jáde, mo lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo bì. Màmá mi rò pé ibà ni, ó ní kí n fọ tákàdá kan mu.

Ogún ọdún ó lé ni bàbá mi fi ṣe Lémọ́mù, mo sì fẹ́ kó ṣe é burúkú, kí inú mi lè fúyẹ́. Kò ṣe é burúkú. Ó parí ìjà ìyàwó, ó sin òkú àwọn tí kò lẹ́nìkan, ó kọ́ kéwú lójú àgbà títí ó fi ń fi ojú kà á. A máa wàásù lórí àmáánà, ohun tí wọ́n bá fi sí èèyàn níkàáwọ́, ju gbogbo nǹkan lọ. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a." Kì í wo ìhà àwọn obìnrin, níbi tí mo máa ń jókòó sí, tó bá dé ibẹ̀. Iléyá kan kò sì kọjá kí itan àgbò wa tó tóbi jù má lọ sí Ilé Ẹlẹ́ṣin. Àwọn èèyàn ní, ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ Lémọ́mù. Màmá mi ní, "Itan yìí ti wá ń pọ̀ jù o, Bàbá Mùí. Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ jẹ wọ́n?" Bàbá mi á ní kó máa bu ọbẹ̀.

Kò sí ìdí igi tó padà wá bèèrè tákàdá rẹ̀. Oyè bàbá mi ti kárí gbogbo wọn. Bàbá Rábí ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tó kan bàbá mi, ó bi mí lórí ibùsùn pé, "Tákàdá yẹn ńkọ́?" Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "O ṣé." Títí dòní, mi ò mọ ohun tó dúpẹ́ fún. Àwọn àbúrò mi ní kí n máa gbé ìwé náà lọ, pé ta ló fẹ́ kó òórùn yẹn sínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà lọ́dọ̀ mi, èmi tí iṣẹ́ mi, ẹ dákun ẹ má rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n máa tọpa àwọn tó ti ni ìwé àtijọ́ rí. Ibi ìkówèésí kan ní Ìbàdàn ni mo wà. Wọ́n á gbé ìwé tí kòkòrò ti jẹ wá, màá wo orúkọ inú rẹ̀, màá wo ọwọ́ ìkọ̀wé, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti ọwọ́ lágbájá dé ọwọ́ tàmẹ̀dù. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ní mo le jù, pé tí àlàfo kan bá wà láàárín olówó ìwé kan àti èkejì, mi ò jẹ́ kí wọ́n fò ó. Mo ti ka tiwa náà látòkè délẹ̀, èyí tí wọn ò fọ̀ mu. Ẹ̀kọ́ lórí ìmọ́tótó ìrun ni. Àwọn ewé àjà wa tí wọ́n ń mú àwọn olè wá búra lábẹ́ wọn, bí èèyàn ṣe ń fọ ìdí tó bá yàgbẹ́ tán ló wà nínú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Hàbíbà ni, ọmọ ọmọ Bàbá Rábí. Ó ní àwọn ń kọ ìtàn ilé àwọn, wọ́n sì sọ pé bàbá ńlá àwọn kan ní ìwé tó sọnù sọ́nà Ìlọrin, pé bóyá ọmọ Lémọ́mù, tó jẹ́ onímọ̀ ìwé, lè bá àwọn wá a. Ó gbé iṣu Ṣakí mẹ́ta wá fún mi. Mo fún un ní fọ́ọ̀mù. Mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣòro rí, kó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọmọ ọdún mọ́kànlá nì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí i nítorí ohun tó sọ ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó lánàá tí mo fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ojú tì mí. Ọmọ yẹn ti ka ewé náà sókè ketekete, lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀, sí etí ẹni tó máa dùn jù lọ láyé. Ìgbà tó rí i pé ó dun bàbá rẹ̀ ló tó dákẹ́, ìfẹ́ ló sì pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá ti kú. Èmi tí mo ti dàgbà, tí mo gbọ́n, tí mo ní ọ́fíìsì, mi ò tíì kà á fún ẹnikẹ́ni rí.

Òwúrọ̀ yìí, mo gbé fóònù, mo pe Hàbíbà, mo ní kó má wulẹ̀ dúró di Mọ́ńdè. Ó pariwo ayọ̀, ó ní, "Ẹ ti rí i ni, mà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."